Kíláàsì àdìrẹ ọlọ́jọ́ márùn-ún ní Abẹ́òkúta: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó

Tó bá jẹ́ pé àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ láfún ya bátáànì sí kí aró má baà wọ ibẹ̀, lẹ fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe, owó tẹ́ ẹ bá san sí kíláàsì yìí kò ní dùn yín. Tó bá jẹ́ pé aró èlú lẹ tìtorí ẹ̀ gbéra, ẹ máa rí i, ẹ máa gbóòórùn ẹ̀, àmọ́ ọwọ́ yín ò ní fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ìkòkò.

Ilé aládìrẹ kan tí kò jìnnà sí ọjà Ìtókù ni. Ọjọ́ márùn-ún, Mọ́ńdè sí Fúráìdè, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán. Àgbà àti ọ̀dọ́ ni wọ́n ń gbà pọ̀, láti ọmọ ọdún méjìlá sókè. Olùkọ́ méjì ló wà níbẹ̀: ìyá àgbà kan tó mọ ẹlẹ́kọ dójú àmì, àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń bójú tó aró àti àbẹ́là yíyọ́ tí wọ́n fi ń tẹ bátáànì sára aṣọ. Yáàdì aṣọ mẹ́rin, ìko, aró àti oúnjẹ ọ̀sán ti wà nínú owó. Wọ́n tún ní ti ọlọ́jọ́ kan, èyí tí mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ṣe: wọ́n á fi rọ́bà so aṣọ, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí.

Ohun tó kọ́kọ́ wú mi lórí ni pé odindi àárọ̀ ọjọ́ kìíní ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ aṣọ. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló máa ń fo ibẹ̀, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ kí ìkòkò aró tó dé rárá. Wọ́n fa òwú kan yọ lára aṣọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣáná sí i. Èyí tó jẹ́ òwú gidi jó bíi bébà, ó ń rùn bíi bébà, eérú rẹ̀ sì fọ́ kúnná láàárín ìka. Èyí tó ní pọlíẹ́sítà nínú ká jọ, ó yọ́, ó sì di kókó dúdú líle kan lórí òwú. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kò ní gba aró dáadáa, bó ti wù kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ tó. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ontajà gbọ́ lórí èyí. Ẹ mú ìṣáná lọ́wọ́ lọ sọ́jà.

Aṣọ òwú tuntun náà ní sítáàṣì lára, ó sì gbọ́dọ̀ kúrò. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni wọ́n fi fọ̀ ọ́, wọ́n ṣàn án dáadáa, wọ́n sá a. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti mọ́ ni pé kẹ́ ẹ kán omi kan sí i lórí. Bí omi bá wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ti tó. Bó bá dúró sórí aṣọ, tó ń yí kiri, ẹ padà lọ fọ̀ ọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kìíní, oníko, èyí tí wọ́n ń fi ìko so, àti alábẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbádùn jù, torí pé kò gba sùúrù púpọ̀. Wọ́n rẹ ìko sínú omi kó má baà já, wọ́n fi so òkúta wẹ́wẹ́ àti hóró àgbàdo sínú aṣọ, wọ́n sì kọ́ wọn ní oṣù bàm̀bá, àwọn òbìrípo ńláńlá tí àwọn kéékèèké yí ká. Bí ìdè kò bá le, aró á yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, òbìrípo á di àbàwọ́n lásán. Nínú alábẹ́rẹ́, òwú méjì ni kẹ́ ẹ lò pọ̀, torí pé òwú kan ṣoṣo máa ń já nígbà tẹ́ ẹ bá fà á kó fún aṣọ pọ̀. Ìtú aṣọ náà ń kọ́? Abẹ ni wọ́n ń lò níbẹ̀, mo sì rí aṣọ tó lu. Sísọọ̀sì kékeré tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó dáa jù ú lọ. Ẹ mú tiyín dání.

Ọjọ́ kejì àti ìkẹta ni ẹlẹ́kọ, ibẹ̀ sì ni owó yín wà. Bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀kọ náà rèé: ife láfún kan, ife omi mẹ́rin, ìlàjì ṣíbí tíì álọ́ọ̀mù tí wọ́n ti lọ̀ kúnná. Wọ́n kọ́kọ́ fi díẹ̀ nínú omi tútù náà po láfún kó má baà dì, wọ́n wá dà á sínú ìyókù tó ti ń hó, wọ́n sì ń rò ó láìdáwọ́ dúró títí funfun ojú rẹ̀ fi lọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Bó bá tutù tán, wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ. Àwọn aládìrẹ kan máa ń fi búlúsítóònù, kẹ́míkà aláwọ̀ búlúù kan, sí i. Wọ́n sọ èyí fún wa, àmọ́ wọn ò tẹnu mọ́ ọn tó pé májèlé ni. Ìkòkò àti ṣíbí tẹ́ ẹ bá fi se irú ẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ padà sí ilé ìdáná mọ́ láéláé.

Bó ṣe ki tó ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bó bá ṣàn jù, ìlà tẹ́ ẹ fà á fẹ̀ mọ́ ara wọn, aró á sì gba ibẹ̀ wọlé. Bó bá ki jù, á sán nígbà tó bá gbẹ, á máa rẹ́ bọ́ kó tó dénú aró. Ìyá kì í wọ̀n ọ́n. Ó máa ń ti ìyẹ́ adìyẹ bọ inú ẹ̀kọ, á gbé e sókè, á wò ó bó ṣe ń já. Ìyẹ́ apá adìyẹ ńlá ni, tí wọ́n gé ẹnu rẹ̀ ní gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Kò lo rúlà. Ó ká aṣọ sí méjì, ó tún un ká, ó fi èékánná tẹ ojú ìká náà, nígbà tó sì tú u, igun mẹ́rin-mẹ́rin ti hàn lórí gbogbo aṣọ.

Bátáànì Ìbàdàndùn ni wọ́n fi kọ́ wa: òpó gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929, pẹ̀lú ṣíbí láàárín òpó kan sí èkejì. Láti èjìká ni ọwọ́ ìyá ti ń wá, kì í ṣe láti ọrùn ọwọ́. Òpó kan, ìfà kan. Bẹ́ ẹ bá gbé ìyẹ́ sókè láàárín méjì, ẹ̀kọ á kó jọ síbẹ̀, kókó yẹn á sì hàn nígbà tí aṣọ bá jáde. Àwọn tó ti kọ́ bí a ṣe ń ya àwòrán rí ni ìyà rẹ̀ ń jẹ jù, nítorí pé ìka ni wọ́n fẹ́ lò.

Wọ́n tún ní àwọn páànù tí wọ́n gé bátáànì sí, tí wọ́n ń fi irin pẹlẹbẹ fa ẹ̀kọ kọjá lórí rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ló máa ń gé irú páànù yìí láyé àtijọ́, àwọn obìnrin sì ń fọwọ́ ya tiwọn. Àdìrẹ ọba George Karùn-ún àti ayaba Mary, ti jùbílì 1935, wà lára iṣẹ́ páànù tó lókìkí jù. Ọmọ ọdún méjìlá sí mẹ́rìnlá, páànù ló yẹ kí wọ́n fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti kù díẹ̀ káàtó nìyí: ìyẹ́ ni wọ́n fún gbogbo èèyàn, ó sì ti sú àwọn ọmọ náà kó tó di ọ̀sán.

Ẹ̀kọ gbọ́dọ̀ gbẹ pátápátá kó tó kan aró, kò sì ní gbẹ bó ṣe yẹ lásìkò òjò. Ìbuu á tún hù lé e lórí. Nítorí náà, láti November sí March ni kẹ́ ẹ lọ.

Ó kan aró wàyí. Ìkòkò èlú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, òun ni wọ́n fi ń polówó. Ewé èlú tí wọ́n gún, tí wọ́n ṣù, tí wọ́n sì sá gbẹ ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú omi eérú tí wọ́n sẹ́. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó bá, ìyẹn kó tó ṣe é rẹ aṣọ. Òórùn rẹ̀ á le, ìfóòfó tó ń dán bíi bàbà á bo ojú rẹ̀, omi ìsàlẹ̀ á sì máa ṣe bí àwọ̀ ewé. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ri aṣọ kékeré kan bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn náà ni. Ìdí tí wọ́n sọ fún wa tọ́: aṣọ tó bá wọlé ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé, afẹ́fẹ́ ló sì ń pa aró, ìkòkò kan kò lè gbé gbogbo kíláàsì. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́, kí èèyàn tó sanwó.

Aró ìgbàlódé ni wọ́n fi ṣe ìyókù. Fún yáàdì méjì, ṣíbí ìjẹun aró kan, ti kọ́sítíìkì sódà kan, ti hydrosulphite, lẹ́bú tó ń mú kí aró yọ́ sínú omi, méjì. Wọ́n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ po aró, wọ́n sẹ́ ẹ, torí pé hóró aró tí kò yọ́ ló ń fi tóótòòtó sílẹ̀ lára aṣọ. Sódà ni wọ́n ń dà sínú omi tútù. Ẹni tó bá da omi lé sódà, á ta sí i lójú. Ike ni wọ́n lò, kì í ṣe abọ́ alumíníọ̀mù, èyí tí sódà máa ń jẹ lu. Bí ọ̀rinrin bá ti wọ inú ike hydrosulphite, agbára rẹ̀ ti lọ: omi aró kò ní yí padà, àwọ̀ á sì ṣàn kúrò bẹ́ ẹ bá ṣan aṣọ. Kò sí iye iyọ̀ tó lè tún ìyẹn ṣe, nítorí afẹ́fẹ́ ló ń di aró yìí mú lára aṣọ, kì í ṣe iyọ̀.

Omi aró ti ẹlẹ́kọ gbọ́dọ̀ tutù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀kọ á yọ́. Ẹ tẹ́ aṣọ wọlé láìká a, ẹ jẹ́ kó lo bí ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ẹ gbé e síta títí àwọ̀ ewé á fi di búlúù, kẹ́ ẹ tún dá a padà. Ẹ má fún un. Ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà ló ń mú un dúdú dáadáa. Kíláàsì wa ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta torí ọjọ́ ti lọ, búlúù náà sì mọ́lẹ̀ ju èyí tí wọ́n kọ́ sí ògiri wọn lọ. Kí wọ́n gba ìdajì ọjọ́ kan lọ́wọ́ àbẹ́là, kí wọ́n fi kún aró.

Lórí ààbò, mi ò ní tẹ́wọ́ gbà á. Ìbọ̀wọ́ ọ̀rá tó dé ọrùn ọwọ́ nìkan ni wọ́n pín, nígbà tó jẹ́ pé apá dé ìgúnpá ló ń wọ inú omi sódà. Àwọn ọmọ ọdún méjìlá wà níbi tí wọ́n ti ń wọn sódà. Ẹ ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn, ìbomú àti gíláàsì ojú fún ara yín àti fún ọmọ yín, kẹ́ ẹ sì sọ fún olùkọ́ pé ọmọ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan lẹ́bú.

Àbẹ́là kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Fóòmù tí wọ́n gé bátáànì sí ni wọ́n ń tì bọ inú àbẹ́là yíyọ́. Bí ojú ibi tẹ́ ẹ tẹ̀ bá ṣe bí ẹni pé ó tutù, tó hàn dé ẹ̀yìn aṣọ, ó bá. Bó bá funfun lórí, kò gbóná tó. Bó bá ń rú èéfín, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kíá. Bó bá gbaná, ìdérí ni kẹ́ ẹ dé e, kì í ṣe omi.

Ẹni tó bá ní àkókò ṣùgbọ́n tí kò lówó, kó ronú nípa Òṣogbo: ọ̀fẹ́ ni gbajúmọ̀ aládìrẹ Nike Davies-Okundaye ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ibùdó tó dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1983. Ẹni tó bá ń lọ sí ti Abẹ́òkúta yìí, kó béèrè ohun mẹ́ta lórí fóònù kó tó fowó ránṣẹ́: ìkòkò èlú mélòó ló ti bá lọ́sẹ̀ yẹn, ìgbà mélòó ni aṣọ máa wọ aró, àti pé ṣé wọ́n máa jẹ́ kí èèyàn padà wá ní Sátidé láti parí èyí tó kù. Nígbà tí mo béèrè èyí tó kẹ́yìn, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ sí i. Sátidé yẹn ni aṣọ ẹlẹ́kọ mi tó dúdú.