Káfíńtà tó tún òrùlé wa ṣe ní Apátá kí òjò oṣù kẹsàn-án tó dé

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, August break ti ń bọ̀ o, ẹni tórùlé ẹ̀ bá ń jò kó yáa lo àsìkò yẹn, torí òjò tó máa ń tẹ̀ lé e ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá kì í ṣe òjò kékeré rárá. Nígbà míì, òjò ńlá kì í tiẹ̀ dúró de oṣù kẹsàn-án: omíyalé odò Ògùnpa ọdún 1980, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ló ṣẹlẹ̀, èyí tó tún ṣọṣẹ́ lọ́dún 2011, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ kan náà ni, ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Káfíńtà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, àwọn tó ń ta pákó ní Bódìjà ló júwe ẹ̀ fún wa lọ́dún tó kọjá. Páànù ayé àtijọ́ ló wà lórí ilé wa, yàrá àwọn ọmọ sì ń jò. Ẹni tó kọ́kọ́ wá wò ó ṣáájú ẹ̀, ìsàlẹ̀ ló dúró sí tó nawọ́ sókè, ó ní ká lọ ra ọ̀dà dúdú ká fi kùn ún, ó parí. Ọ̀dà yẹn á dí i fúngbà díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn bá ti pa á dáadáa á là, omi á tún gbabẹ̀ wọlé.

Eléyìí ò tíì gba kọ́bọ̀ tó ti béèrè àkàbà. Inú àjà ló kọ́kọ́ wọ̀ tòun ti tọ́ọ̀ṣì, ó wá ní kémi náà wá wò ó. Omi tó ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ, ọ̀kánkán ibẹ̀ kọ́ ló ti ń wọlé! Òkè lọ́hùn-ún ni, nídìí ìṣó kan tó ti dípẹtà, á wá máa tọ ara igi òrùlé bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi débi tí igi yẹn ti tẹ̀, ibẹ̀ lá ti já bọ́. Ojú ipa ẹ̀ wà lára igi, ó dúdú gbọọrọ. Ó ní, "Mọ́mì, tẹ́ ẹ bá fọ̀dà kun ọ̀kánkán bẹ́ẹ̀dì yìí títí dọ̀la, ẹ kàn ń fowó ṣòfò ni."

Ó fa ìṣó kan yọ kí n rí i, rọ́bà abẹ́ ẹ̀ ti gbẹ, ó ti fọ́ wẹ́wẹ́, ihò ara páànù sì ti fẹ̀ ju ìṣó lọ, torí páànù máa ń nà tóòrùn bá mú, á tún sún kì tílẹ̀ bá tutù, bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn tí ìṣó á fi máa mì. Gbogbo èyí tó ti bàjẹ́ ló yọ, skúrù onírọ́bà ló fi rọ́pò wọn, ó pààrọ̀ àwọn páànù tí ìpẹtà ti jẹ, ó sì rí i pé ti òkè gun orí ti ìsàlẹ̀ dáadáa. Ibi tí òrùlé méjì ti pàdé ńkọ́? Ewé máńgòrò ló kún ibẹ̀ bámúbámú, ó ti jẹrà, koríko ti ń hù lórí ẹ̀, omi ò ríbi gbà mọ́ ló bá ń padà sábẹ́ páànù. Ó kó gbogbo ẹ̀ kúrò, ó da omi sí i ká jọ wò ó bó ṣe ń lọ.

Láti ìgbà náà, òjò alátẹ́gùn ti rọ̀ lóríṣiríṣi, kò kán rárá. Inú mi dùn gan-an ni.

Ibi tó kù sí ni pé kì í pa àkókò mọ́, àárọ̀ ló dá, ọ̀sán gangan ló dé, kò sì pè wá. Ewé àti ìṣó tó yọ, ẹ̀yìnkùlé ló dà á sí ó sì bá tiẹ̀ lọ, ìyẹn bí mi nínú torí ọmọ kékeré wà nílé tí kì í wọ bàtà. Owó iṣẹ́ ẹ̀ náà ju ti ọlọ́dà lọ, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n ra ọjà fúnra mi.

Mo ti ní kó padà wá ní oṣù kọkànlá wá pààrọ̀ nẹ́ẹ̀tì wíńdò àti rọ́bà abẹ́ ilẹ̀kùn kí eruku ọyẹ́ tó dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ pè é nítorí òrùlé, ẹ tètè bá a dá ọjọ́, tó bá ti di ìparí oṣù kẹjọ gbogbo Ìbàdàn ló máa ń wá káfíńtà, ẹ sì bá a sọ ọ́ kó tó gun òkè pé òun ló máa kó ìṣó ẹ̀ nílẹ̀.