Ìdin eṣinṣin dúdú nínú oúnjẹ ẹja: ibi tó dára dé àti ibi tó kù sí

Oúnjẹ ló ń kó ju ìdajì owó tí ẹja sísìn ń náni lọ, ẹja lílọ̀ ló sì sábà máa ń wọ́n jù nínú oúnjẹ náà. Ìdí nìyẹn tí ìdin eṣinṣin dúdú, èyí tí à ń pè ní black soldier fly, fi ń rí ọjà. Àwọn kan tó ń tà á ń sọ pé ó lè rọ́pò ẹja lílọ̀ pátápátá. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá pèsè rẹ̀ dáadáa, ó lè gba ipò ìdajì ẹja lílọ̀ nínú oúnjẹ àrọ̀, ìyẹn nìkan sì tó láti mú kí ènìyàn mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọ ẹja lílọ̀ kúrò pátá, tí kò fi nǹkan mìíràn dí àlàfo rẹ̀, ẹja rẹ̀ lè má dàgbà bó ṣe yẹ.

Ìdin gbígbẹ tí wọn kò fún òróró rẹ̀ máa ń ní purotéènì tó tó 40 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún, òróró rẹ̀ sì máa ń wà láàárín 25 sí 35. Tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ fún òróró yẹn kúrò, purotéènì rẹ̀ á gòkè dé 55 tàbí 60. Ẹja lílọ̀ tó dáa máa ń wà láàárín 60 sí 72. Methionine (ọ̀kan lára àwọn èròjà tó para pọ̀ di purotéènì) inú ìdin sàn ju ti sóyà lọ, kò sì tó ti ẹja lílọ̀. Ohun tó ṣọ̀wọ́n nínú rẹ̀ ni òróró EPA àti DHA tí ẹja inú òkun ní. Lauric acid, irú òróró mìíràn, ló kún inú òróró ìdin. Àlàfo tí a ní kí wọ́n dí nìyẹn: bí ẹja lílọ̀ kò bá sí rárá nínú àpòpọ̀, kí òróró ẹja wà níbẹ̀, kílò 1 sí 2 nínú 100.

Nọ́ńbà purotéènì tí wọ́n kọ sára àpò ló ń ṣi ọ̀pọ̀ olùrà lọ́nà. Ilé àyẹ̀wò kì í sábà wọn purotéènì fúnra rẹ̀. Nitrogen, èròjà kan tó wà nínú purotéènì, ni wọ́n ń wọ̀n, wọ́n á wá fi 6.25 sọ ọ́ di púpọ̀. Chitin, èròjà líle tó wà lára awọ ìdin, náà ní nitrogen tirẹ̀, ẹja kò sì lè jẹ chitin dà dáadáa. Fún odindi ìdin yìí, 4.76 ló sún mọ́ òtítọ́. Nítorí náà, àpò tí wọ́n kọ 42% sí, nǹkan bíi 32% ni purotéènì gidi tó wà nínú rẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé èwo nínú méjèèjì ni wọ́n lò. Tí kò bá mọ̀, ẹ fi 32 ṣe ìṣirò yín.

Àwọ̀ àti òórùn ló ń sọ bí wọ́n ṣe pèsè ìdin. Èyí tó yẹ ní rírà ni èyí tí wọ́n kó nígbà tó ṣì funfun díẹ̀, kó tó dúdú. Tó bá ti dúdú, ó ti ń múra láti di eṣinṣin nìyẹn: kì í jẹun mọ́, awọ rẹ̀ ti le, chitin rẹ̀ sì ti pọ̀ sí i. Lẹ́yìn kíkó, kí wọ́n rì í sínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú kan sí méjì kí wọ́n tó gbẹ ẹ́. Omi gbígbóná yẹn ń dín kòkòrò àrùn kù, ó sì ń dá àwọn enzyme tí ń ba òróró jẹ́ dúró. Ìdin tí wọ́n kàn dà sí oòrùn láàyè máa ń dúdú, ó máa ń rùn, òróró rẹ̀ sì máa ń tètè bàjẹ́. Ẹ tẹ ẹyọ kan láàárín ìka: tó bá rún wéwé, ó gbẹ, tó bá rọ̀, omi ṣì wà nínú rẹ̀, yóò sì bu nínú àpò. Ẹni tó ń ra ìdin tútù gbọ́dọ̀ rántí pé nǹkan bíi kílò mẹ́ta tútù ló ń di kílò kan gbígbẹ. Ìlọ́po mẹ́ta owó tútù ni kó fi wé owó gbígbẹ.

Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n fi bọ́ ìdin náà pẹ̀lú. Èso tó ti rà àti ìyókù ọkà dára. Pàǹtírí tí bátìrì tàbí irin wà nínú rẹ̀ kò dára rárá, torí pé ìdin yìí máa ń kó cadmium, irin olóró kan, jọ sínú ara. Nígbà tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù fàyè gba purotéènì kòkòrò nínú oúnjẹ ẹja ní July 2017, wọn kò gbà kí wọ́n fi ìgbẹ́ ẹran tàbí àjẹkù ilé oúnjẹ bọ́ kòkòrò náà. Òfin tó bọ́gbọ́n mu ni lójú tiwa, ẹni tí òfin yẹn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà lè tẹ̀ lé e.

Fún àrọ̀ tó ti ju 50 gíráàmù lọ, àpòpọ̀ 100 kílò tí a fọwọ́ sí nìyí: ẹja lílọ̀ kílò 10, ìdin tí a kò fún òróró rẹ̀ kílò 20, sóyà tí a ti fún òróró rẹ̀ kílò 35, ẹ̀pà tí a ti fún òróró rẹ̀, èyí tí àwọn olùsìn ẹja mọ̀ sí GNC, kílò 15, àgbàdo kílò 10, eèrí àlìkámà kílò 3, sítáàṣì ẹ̀gẹ́ kílò 4, DCP (lẹ́búlẹ́bú tó ní kalsíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ̀sì) kílò 1, premix, ìyẹn àpòpọ̀ fítámì, kílò 1, methionine gíráàmù 400, lysine (èròjà purotéènì bíi methionine) gíráàmù 300 àti iyọ̀ gíráàmù 300. Tí a bá ka ìdin sí 42%, gbogbo rẹ̀ á fún wa ní nǹkan bíi 38% purotéènì. Tí a bá kà á sí 32%, á bọ́ sí 36%. Ẹni tó bá fẹ́ kó padà sókè lè fi kílò 5 ẹja lílọ̀ rọ́pò kílò 5 àgbàdo. Ẹ má jẹ́ kí ìdin olóróró ju kílò 20 lọ, nítorí pé òróró tó pọ̀ jù kì í jẹ́ kí hóró oúnjẹ dì mọ́ra. Bí wọ́n bá jáde láti inú ẹ̀rọ báyìí ni wọ́n á máa fọ́.

Òróró kan náà yìí ló ń dí ojú asẹ́ ẹ̀rọ ìlọ̀ tí a bá da ìdin nìkan sí i. Ẹ pò ó mọ́ àgbàdo àti eèrí kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Premix, methionine, lysine àti iyọ̀ kéré jù láti dà sínú 100 kílò lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ kọ́kọ́ pò wọ́n mọ́ kílò 2 sóyà tó ti kúnná, kí ẹ tó fọ́n wọn ká sórí ìyókù. Ẹ fi omi gbígbóná ro sítáàṣì kó ki, kí ẹ wá fi omi bíi lítà 25 sí 30 pò gbogbo rẹ̀ títí tí yóò fi dúró ní ẹ̀kúnwọ́ tí ẹ bá fún un. Lẹ́yìn tó bá jáde, ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kì í ṣe abẹ́ oòrùn gangan, nítorí oòrùn àti ooru ń pa fítámì C. Àrọ̀ tí fítámì C kò tó lára rẹ̀ lè ní agbárí tó ń là. Ẹ ju hóró díẹ̀ sínú ife omi: tí kò bá tó ìṣẹ́jú 30 tó fi tú ká, ìlọ̀ kò kúnná tó tàbí sítáàṣì kò jinná. Irú oúnjẹ yìí máa ń rì. Èyí tó ń léfòó nílò ẹ̀rọ extruder, tí ń fi ooru àti agbára wú oúnjẹ. Pẹ̀lú oúnjẹ tó ń rì, ojú kan náà nínú adágún ni kí ẹ ti máa bọ́ wọn, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì dúró nígbà tí ìjà oúnjẹ bá rọlẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ yóò jẹrà, yóò sì jẹ ọ́síjìn inú omi.

Nínú àwọn oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú yòókù, sóyà ni a fi ṣáájú. Ṣùgbọ́n sóyà tútù ní èròjà tí kì í jẹ́ kí ẹja lo purotéènì. Ẹ yan án títí tí òórùn ẹ̀wà tútù yóò fi lọ tí àwọ̀ rẹ̀ yóò sì pọ́n díẹ̀. Tó bá jóná, lysine rẹ̀ ti lọ. GNC dára bí kò bá bu, torí pé aflatoxin, ìyẹn májèlé inú èyí tó bu, kì í kúrò nípa sísá sóòrùn. Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ ju 80% purotéènì lọ, àmọ́ isoleucine rẹ̀ (èròjà purotéènì mìíràn) kéré gan-an, nítorí náà kílò 5 nínú 100 ti tó. Azolla, ewéko kékeré tó ń léfòó lórí omi, ni wọ́n ń yìn ju bó ṣe mọ lọ: ọgọ́rùn-ún kílò rẹ̀ ní tútù, kílò 5 sí 7 ló ń di tó bá gbẹ, purotéènì inú rẹ̀ kò sì tó kílò méjì. Ẹpìà lè jẹ ẹ́ ní tútù lórí omi, á sì ṣe é láǹfààní. Àrọ̀ kò lè fi í dàgbà.

Kí ẹ tó pinnu, ẹ má wo owó àpò. Ẹ wo kílò oúnjẹ tó ń mú kílò ẹja kan jáde, kí ẹ fi owó kílò oúnjẹ sọ ọ́ di púpọ̀. Ká ní oúnjẹ kan dín owó kù ní 30%, tí ó sì gba kílò 2 kó tó mú kílò ẹja kan jáde, nígbà tí èyí tó wọ́n gba 1.2. Tí a bá pe owó kílò èyí tó wọ́n ní 1, owó 0.7 ní ìlọ́po 2 jẹ́ 1.4, ti èyí tó wọ́n jẹ́ 1.2. Èyí tó dà bí ẹ̀dínwó ló ná wa jù. Ẹ wọn ẹja díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí ẹ sì kọ iye oúnjẹ tó wọ adágún sílẹ̀. Láìsí èyí, kò sí bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá àpòpọ̀ tuntun ń ṣiṣẹ́.

Ọmọ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹun kò sí nínú ohun tí a ń sọ yìí. Purotéènì bíi 50% ni ọmọ àrọ̀ nílò, nínú hóró tó kéré gan-an tí kò ní tètè tú, chitin sì le jù fún inú wọn. Ẹ ra oúnjẹ tiwọn ní ṣíṣe tán. Ẹni tó ń sin ẹpìà ní tirẹ̀ kò nílò ìdin tó pọ̀: 28 sí 32% purotéènì tó fún ẹpìà tó ti ń dàgbà, sóyà, GNC àti ìdin kílò 5 sí 10 nínú 100 á sì gbé e débẹ̀.