Bóòtì kámbà, pèlétì orí ṣọ́ọ̀kì tàbí fáìlì: èwo ló yẹ ọkọ̀ tí ẹ rẹ̀ sílẹ̀?

Bí táyà iwájú ọkọ̀ tí ẹ rẹ̀ sílẹ̀ bá ń jẹ láti inú, tí ìta rẹ̀ ṣì kún dáadáa, àwọn ọ̀rẹ́ yóò ní kí ẹ lọ ra bóòtì kámbà, ìyẹn irin onínọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń yí bí táyà ṣe fì. Ẹ fara balẹ̀ ná. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àláìnmẹ́ǹtì, kí ó tẹ ìwé ìwọ̀n jáde fún yín. Kámbà ni bí orí táyà ṣe fì sínú tàbí síta. Tóò ni ti imú táyà, bóyá méjèèjì kọjú síra ni tàbí wọ́n ya ara wọn. Rírẹ ọkọ̀ sílẹ̀ máa ń ba méjèèjì jẹ́, ṣùgbọ́n tóò ló ń jẹ táyà run jù. Kámbà tó fì sínú ní dígírì kan kì í pa táyà bí tóò bá wà níbi tó yẹ. Bó bá jẹ́ pé tóò nìkan ló yà, tairọ́ọ̀dù, irin tó so sitiárìn mọ́ táyà, ni wọ́n máa yí, ẹ ò sì ní ra ohunkóhun.

Bí ìwé bá wá fi hàn pé kámbà ti kọjá dígírì méjì sínú, tàbí pé òsì àti ọ̀tún fi ju ìdajì dígírì lọ yàtọ̀ síra, ìgbà yẹn ni ọjà wà láti rà. Ẹ tún wo ẹ̀yìn táyà kí ẹ tó mú owó jáde. Lára Corolla àti Camry tí à ń pè ní Big Daddy, bóòtì méjì ló so ṣọ́ọ̀kì mọ́ irin họ́ọ̀bù tó gbé táyà, ibẹ̀ ni bóòtì kámbà ń wọ̀. Honda Accord ọdún 2003 sí 2007 kò rí bẹ́ẹ̀: ó ní apá irin lókè, bóòtì kámbà kò ní ibi tó máa jókòó sí níwájú. Apá òkè tó ṣeé fà gùn tàbí kí á dín in kù ni kí oní-Accord wá.

Bóòtì kámbà tín-ín-rín ju bóòtì àtilẹ̀wá lọ, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ikùn rẹ̀ yọ síta. Ẹ máa fi rọ́pò ọ̀kan nínú méjì yẹn, tòkè ló sábà máa ń jẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí ìwé inú páálí bá wí ni kí ẹ ṣe. Bí wọ́n bá ti ń yí orí rẹ̀, ìyọ náà á máa ti irin họ́ọ̀bù síta tàbí sínú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fúnni ní nǹkan bíi dígírì 1.75 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mìlímítà 12, 14, 16 àti 17 wà, nítorí náà ẹ wọn ti ọkọ̀ yín, ẹ má fi ojú díwọ̀n. Èyí tí kò ní àmì agbára lórí, irú 10.9, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Tòkunbọ̀ rẹ̀ pàápàá, ẹ má rà á.

Toyota ní tirẹ̀ tí kò ní ìyọ rárá. Bóòtì náà tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀ ní ìpele, àmì tó-tò kan, méjì tàbí mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ń yí kámbà ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dígírì. Fún Corolla tó wálẹ̀ díẹ̀, èyí ni èmi á mú, torí pé agbára tí wọ́n fi ń dè é wà nínú ìwé àtúnṣe ọkọ̀ náà. Èyí tó wálẹ̀ gan-an nílò oníyọ.

Pèlétì kámbà ń rọ́pò rọ́bà orí ṣọ́ọ̀kì. Ó dùn ún wò bí a bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọn ò sì ní tú táyà kí wọ́n tó yí i. Síbẹ̀, mi ò ní rà á fún ọkọ̀ tó ń rin Èkìtì lójoojúmọ́. Níwọ̀n ìgbà tí rọ́bà ti kúrò, gbogbo kòtò ni ẹ máa gbọ́ nínú ọkọ̀, eruku ọ̀gbẹlẹ̀ àti omi òjò á sì máa wọ bíárìn rẹ̀. Àyè láti tì í síta kì í sì í pọ̀. Ẹni tó ń sáré ìdíje, tó fẹ́ kí táyà túbọ̀ fì sínú, ni wọ́n ṣe é fún.

Fífi fáìlì fẹ ihò bóòtì ara ṣọ́ọ̀kì ló rọ̀ jù lówó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀ ọ́. Bí ihò bá ti fẹ̀, bí nọ́ọ̀tì ṣe le tó nìkan ló kù tó di táyà mú. Kò yẹ kí ó yẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nínú kọ́nà orí òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè.

Tí ẹ bá ti ra bóòtì, ẹ dúró ti mẹkáníìkì. Kí ọkọ̀ jókòó lórí ìdúró irin, kì í ṣe jáàkì nìkan. Kí ó fi ẹfun ṣàmì síbi tí irin méjèèjì ti pàdé, kí ó dẹ bóòtì ìsàlẹ̀, kí ó tó yọ tòkè. Nǹkan gbọ́dọ̀ gbé họ́ọ̀bù ró nísàlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ṣubú síta, á fa rọ́bà búréèkì àti wáyà ẹ̀rọ búréèkì ABS, ṣáfútì sì lè yọ. Bí ó bá jẹ́ ihò òkè, ìyọ tó kọjú síta ló ń ti orí táyà síta. Orí bóòtì ni kí ó dì mú, nọ́ọ̀tì tuntun ni kí ó yí, pẹ̀lú agbára tí ilé-iṣẹ́ bóòtì kọ. Ó sábà máa ń kéré ju ti àtilẹ̀wá, torí náà ẹ̀rọ atẹ́gùn kò gbọ́dọ̀ kàn án. Lẹ́yìn náà, àláìnmẹ́ǹtì: kámbà kọ́kọ́, tóò gbẹ̀yìn, torí pé yíyí kámbà máa ń yí tóò. Kí wọ́n tún wò ó lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 100.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ kó iṣu láti Ìkọ̀lé, ẹrù á tún tẹ ọkọ̀ náà wálẹ̀, kámbà á sì tún yí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ọ́n pẹ̀lú irú ẹrù tí ẹ máa ń gbé, kí wọ́n sì yí sitiárìn dé òpin ní òsì àti ọ̀tún, kí ẹ rí i pé orí táyà tí wọ́n tì síta kò kan fẹ́ǹdà.