Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra ìgò wáìnì àtijọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ fẹ́ràn ohun àtijọ́, mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó ta ìgò wáìnì onígíláàsì (irú èyí tí wọ́n ń da wáìnì sí kí wọ́n tó gbé e sórí tábìlì) fún mi ní ọjà kan nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní ìlú Waterford ní Írẹ́lándì ni wọ́n ti ṣe é ní nǹkan bí ọdún 1790, ó sì fi àwòrán irú rẹ̀ tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé hàn mí. Bí ìbejì ni wọ́n jọ. “Penrose Waterford” ni wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀, orúkọ yìí gan-an ló sì tàn mí.

Lóòótọ́ ni pé George àti William Penrose dá ilé iṣẹ́ gíláàsì sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1783, tí orúkọ wọn sì máa ń wà ní ìdí àwọn ìgò wọn kan. Ṣùgbọ́n inú mọ́ọ̀dù, ohun tí wọ́n fi ń fún gíláàsì ní ìrísí, ni orúkọ náà ti ń jáde nígbà tí gíláàsì ṣì gbóná, nítorí náà lẹ́tà rẹ̀ yọ síta díẹ̀, ó sì sábà máa ń ṣe bàìbàì. Tèmi mú ṣáṣá bí ẹni pé àná ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní mọ́ọ̀dù lè tẹ orúkọ kan náà sí ìgò tuntun. Ẹ má sì ṣe gba àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé Waterford ni ìgò ti wá, bí oníṣòwò yìí ti fẹ́ kí n gbà á. Ìgbàgbọ́ àtijọ́ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni, àwọn tó ń ṣe ayédèrú sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ dojú ìgò dé, kí ẹ wo ibi tó ti ń fara kan tábìlì. Ìgò tó ti lo igba ọdún máa ń ní ìhára wẹ́wẹ́ tó lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo ti tèmi kọjú sí, nítorí pé wọ́n fi nǹkan kan ha á. Ìdérí rẹ̀ pàápàá ń mì lẹ́nu ìgò (mo rí èyí kí n tó sanwó, ojú kòkòrò ni kò jẹ́ kí n dúró). Kí ẹ tó náwó, ẹ lọ wo ojúlówó ní Victoria and Albert Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀fẹ́ ni àtiwọlé síbẹ̀. Kí ẹ sì ní kí òǹtajà kọ ọjọ́ orí ìgò àti ibi tí wọ́n ti ṣe é sínú rìsíìtì. “Gíláàsì” nìkan ló kọ sínú tèmi, èyí ló fi rí ẹnu sọ̀rọ̀ nígbà tí mo dá a padà tí kò gbà á.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo rí ìgò mìíràn tó jọ tèmi lórí tábìlì rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.