Kíìtì four-link lábẹ́ Escort Mk2 mi: ohun tí mo rí lẹ́yìn ìdíje ráálì mẹ́ta

Kíìtì four-link, ìyẹn àwọn ọ̀pá tó ń di axle ẹ̀yìn mú, tí mo fi sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Ford Escort mi ti bá mi sá ìdíje mẹ́ta báyìí, mo wá rò ó pé ó yẹ kí n jókòó sọ bó ṣe rí gan-an, torí nígbà témi náà ń wá a kiri, ohun táwọn èèyàn ń sọ fún mi ò ju "ó dáa, lọ rà á" lọ, kò sẹ́ni tó sọ ibi tó ti máa há mi lọ́wọ́. Ó máa gùn díẹ̀ o, ẹ fara balẹ̀ kà á.

1978 ni wọ́n ṣe ọkọ̀ mi. Ẹ́ńjíìnì wà níwájú, táyà ẹ̀yìn ló ń fa ọkọ̀, axle ẹ̀yìn sì jẹ́ irin gbọọrọ kan ṣoṣo láti táyà ọ̀tún dé tòsì, orí lííìfù sípíríǹgì méjì (irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn) ló jókòó sí. Ẹ má fojú kéré ètò yẹn rárá. Irú axle gbọọrọ yẹn ló wà lábẹ́ àwọn Escort tó gba RAC Rally, ìdíje ráálì ńlá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún mẹ́jọ léra wọn, láti 1972 dé 1979, òun náà ló wà lábẹ́ RS1800 tí Björn Waldegård fi gba Safari ní Kẹ́ńyà ní 1977, tí Ari Vatanen sì fi di ọ̀gá gbogbo ayé ní 1981. Nítorí náà tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé axle báyẹn ò lè sáré lórí yẹ̀pẹ̀, ẹ má gbà á gbọ́. Lííìfù tí wọ́n bá di gbogbo iṣẹ́ rù ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ìdí ẹ̀ rèé. Iṣẹ́ méjì ni lííìfù ń ṣe pọ̀, òun ló gbé ẹrù ọkọ̀, òun náà ló tún di axle mú kó má bàa sún síwá sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá ń jáde ní kọ́nà ní gíà kejì tẹ́ ẹ wá tẹná, axle fúnra ẹ̀ á fẹ́ yí padà, lííìfù á lọ́, á dà bíi lẹ́tà S, tó bá wá lọ́ débi tí ò lè gbà mọ́ á já padà lójijì, táyà á fò kúrò nílẹ̀, á tún balẹ̀, á tún lọ́, á tún já. Gbì-gbì-gbì-gbì lábẹ́ ìdí yín, bíi pé ẹnì kan ń fi òòlù lu ilẹ̀ ọkọ̀. Bó bá sì ti ń lu báyẹn, táyà ò di ilẹ̀ mú, ẹ ò lọ síwájú, ẹ̀yìn ọkọ̀ lè gba ibi tó bá wù ú lọ.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe sí i ni pé mo fi irin méjì-méjì kún lííìfù ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo rò pé bó bá ṣáà ti le, kò ní lọ́ mọ́. Lóòótọ́ lílọ́ ẹ̀ dín kù, àmọ́ ọkọ̀ wá gan bíi pákó. Tá a bá dé ojú ọ̀nà tó rí bíi pé wọ́n kọ ebè sí i, látorí ebè kan ni táyà ń fò bọ́ sórí ìkejì, kì í kan poro tó wà láàárín, navigator mi, ẹni tó ń ka ọ̀nà fún mi, ò lè ka ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ torí bá a ṣe ń gbọ̀n. Ohun míì tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé bí irin bá ṣe pọ̀ tó nínú lííìfù ni wọ́n ṣe ń ha ara wọn tó, híha yẹn kì í jẹ́ kí sípíríǹgì tètè dáhùn sí òkúta kéékèèké. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé líle kọ́ ni mò ń wá. Nǹkan míì ló yẹ kó gba iṣẹ́ dídi axle mú lọ́wọ́ lííìfù, kí lííìfù kàn máa gbé ẹrù.

Ohun tí kíìtì yìí ṣe gan-an nìyẹn. Ọ̀pá mẹ́rin ló wà níbẹ̀, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan gba òkè axle, ọ̀kan gba ìsàlẹ̀, wọ́n na wá síwájú láti mú bọ́dì. Ọ̀pá Panhard kan tún dábùú láti ara axle lọ sára bọ́dì, òun ni ò ní jẹ́ kí axle yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Lẹ́yìn ìyẹn, àpótí irin tí wọ́n máa wẹ́ẹ̀dì mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, lííìfù tó jẹ́ irin ẹyọ kan péré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú turret méjì tí orí ṣọ́ọ̀kì máa wọ̀. Ṣọ́ọ̀kì fúnra ẹ̀, mo rà á lọ́tọ̀, Bilstein onígáàsì ni. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó gé ohunkóhun lára ọkọ̀ yín, ẹ ka òfin kíláàsì tẹ́ ẹ fẹ́ sá dáadáa, torí ọkọ̀ àtijọ́, ohun tó wà nínú ìwé homologation ẹ̀ (ìwé tí wọ́n fi forúkọ irú ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún ìdíje) ni wọ́n máa fi bá yín sọ̀rọ̀. Kíláàsì tèmi gbà á.

Òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló gbà wá láti fi í sí, èmi àti wẹ́dà kan tó mọṣẹ́. Mi ò ní tàn yín, kì í ṣe iṣẹ́ jáàkì àti sípánà nìkan. Ọkọ̀ tó ti lé lógójì ọdún, ibi tí àpótí ọ̀pá fẹ́ jókòó sí gan-an nibi tí ìpẹtà fẹ́ràn jù, a gé gbogbo ibi tó ti jẹrà kúrò, a fi irin tuntun dípò kó tó di pé a wẹ́ẹ̀dì nǹkan kan mọ́ ọn. Àpótí tẹ́ ẹ bá wẹ́ẹ̀dì mọ́ irin tó ti dípẹtà, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá tẹná dáadáa ló máa fà á ya.

Ibẹ̀ náà ni kíìtì ti já mi kulẹ̀ díẹ̀. Mo wọn ọ̀ọ́kán láti ojú kan níwájú dé orí axle lápá ọ̀tún, mo wọn tòsì, mílímítà 6 ni wọ́n fi yàtọ̀ síra, torí ihò àpótí kan ò sí lójú ibi tó yẹ. Mo bá àwọn tó tà á fún mi sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n yí ọ̀pá gùn díẹ̀ láti fi tún un ṣe. Ó ṣeé ṣe, torí ọ̀pá ọ̀hún ṣeé yí, bí mo sì ṣe ṣe é náà nìyẹn, àmọ́ inú mi ò dùn sí i rárá. Ẹni tó ń ta nǹkan tó máa di axle mú lórí eré báyẹn, ó yẹ kó máa wọn ihò ẹ̀ kó tó kó o sínú páálí. Tí mi ò bá wọ̀n ọ́n fúnra mi ńkọ́, ọkọ̀ á kàn máa rìn ní ẹ̀gbẹ́, mi ò sì ní mọ ohun tó ń ṣe é.

Ọ̀pá tẹ́ ẹ bá ń yí náà ló ń sọ ibi tí imú dífù (àpótí gíà tó wà láàárín axle) máa kọjú sí o, tí igun ẹ̀ ò bá bá ti ẹ̀yìn gíábọ́ọ̀sì mu, propshaft, ọ̀pá tó ń gbé agbára láti gíábọ́ọ̀sì lọ sẹ́yìn, á máa gbọ̀n. Bóòtù tó gba inú búṣì onírọ́bà, ẹ má fún un le nígbà tí táyà ṣì rọ̀ sófuurufú. Ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kí ìwúwo ẹ̀ jókòó sórí táyà, kẹ́ ẹ tó fún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́ rọ́bà ti lọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kì í pẹ́ ya. Ọ̀pá Panhard náà, ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró nílẹ̀ bó ṣe máa ń dúró ni kẹ́ ẹ rí i pé ó tẹ́jú. Tèmi gùn tó bíi mítà kan, tí axle bá gòkè ní 60 mm, bíi 2 mm péré ló máa yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àmọ́ tó bá gòkè ní 100 mm, ó ti di 5 mm nìyẹn. Ẹ sì wo páìpù rọ́bà bírékì, kó gùn tó fún ìgbà tí axle bá rọ̀ délẹ̀ pátápátá.

Ṣọ́ọ̀kì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù. Bí wọ́n ṣe ṣe Escort látilẹ̀, orí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì fì sí àárín ọkọ̀, ṣọ́ọ̀kì tó bá sì fì kì í fi gbogbo agbára ẹ̀ ṣiṣẹ́. Tó bá fì ní díígírì 30, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára ẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ táyà, tó bá jẹ́ 45, ìdajì ti lọ. Turret ló jẹ́ kí tèmi nàró ṣánṣán báyìí. Lííìfù ẹlẹ́yọ kan ò tún ní ohun tó ń ha á mọ́, ìyẹn ni pé ṣọ́ọ̀kì nìkan ló kù tó máa dá ọkọ̀ lẹ́kun fífò. Ṣọ́ọ̀kì lásán ò lè ṣe é, òróró inú ẹ̀ á gbóná, á máa hó fóòmù, á wá rọ̀ bíi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nínú onígáàsì, gáàsì ti tẹ òróró mọ́lẹ̀, fóòmù ò ráyè.

Síbẹ̀ náà, kò dáa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ tò ó, ó máa ń pẹ́ kó tó nà padà. Lórí ọ̀nà eléébè yẹn, táyà á gòkè lórí ti àkọ́kọ́, kó tó nà délẹ̀, ìkejì ti dé, tó bá fi máa di ìkarùn-ún, ìkẹfà, ẹ̀yìn ọkọ̀ ti wọlẹ̀ débi tó ti ń lu bump stop, rọ́bà tó ń dá axle dúró lókè. Mo rò pé lííìfù ló rọ̀ jù, mo ti ń múra láti dá irin padà sínú ẹ̀. Ẹnì kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ló ní kí n mú sùúrù, kí n kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n dẹ ìnàpadà ṣọ́ọ̀kì. Wọ́n dẹ̀ ẹ́, ó tán síbẹ̀. Ọlọ́run ló bá mi fi ọkùnrin yẹn ṣọwọ́.

Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń sáré. Nínú ìdíje àkọ́kọ́, sitéèjì kejì (ìyẹn apá ọ̀nà kejì tí wọ́n ti ń ka àkókò), kọ́nà òsì kan wà tó gun òkè, òkúta wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀, irú ibi tí ọkọ̀ mi ti máa ń lu gbì-gbì tẹ́lẹ̀. Mo tẹná, mo ti gan ara sílẹ̀ dè é. Kò lu. Ọkọ̀ kàn jókòó sórí ẹ̀yìn ẹ̀, ó gun òkè lọ. Navigator mi bojú wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò tẹná ni?" Mo ní mo tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀. Inú mi dùn débi pé mi ò gbọ́ ohun tó kà fún mi ní kọ́nà tó tẹ̀ lé e, ó ní láti tún un kà. Bírékì náà yàtọ̀, axle kì í fò mọ́ tí mo bá tẹ̀ ẹ́ lójijì lórí ọ̀nà págunpàgun. Tá a bá fò lórí òkè, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la máa balẹ̀, ó parí, tẹ́lẹ̀ ó máa ń tó ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó fara balẹ̀.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn: ariwo. Àwọn rose joint, oríkèé irin tó wà lẹ́nu àwọn ọ̀pá, ń gbé gbogbo dídún ojú ọ̀nà wọnú ọkọ̀, eruku sì ni ikú wọn. Lẹ́yìn ìdíje kejì, ti ọ̀pá Panhard ti ń mì lọ́wọ́ mi, mo pààrọ̀ ẹ̀, mo fi rọ́bà bo gbogbo wọn, ohun tó yẹ kó ti wà nínú kíìtì látilẹ̀. Turret tún jẹ àyè nínú bóòtì, táyà àfidípò mi ti ní láti kúrò níbi tó wà.

Tó bá jẹ́ pé ọ̀nà ọlọ́dà nìkan lẹ ń sá, tàbí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, mi ò rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ gé ọkọ̀ yín nítorí èyí. Ẹ pààrọ̀ gbogbo búṣì, ẹ ra ṣọ́ọ̀kì gidi, ẹ sì fi ọ̀pá kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń dá axle dúró kó má yí, ẹ máa rí ìyàtọ̀. Àmọ́ ẹni tó ń sá yẹ̀pẹ̀ léraléra, èmi á ní kó rà á, kó sáà wọn gbogbo ihò fúnra ẹ̀.

Lẹ́yìn ìdíje kẹta mo wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo wo gbogbo ojú wẹ́ẹ̀dì níkọ̀ọ̀kan, kò síbi tó sán. Ọ̀pá ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún nìkan ni òkúta ti tẹ̀ díẹ̀. Mo ti pààrọ̀ ẹ̀, mo sì ti ń gbé òmíràn sínú ọkọ̀ báyìí.