Ionantha àbí Xerographica: Èwo nínú Tillandsia ló yẹ kí ẹ rà?

Ẹni tó bá ń ta Tillandsia, ewéko tí ionantha àti xerographica jẹ́ oríṣi méjì lára rẹ̀, á sọ fún yín pé ewéko tí kò nílò iyẹ̀pẹ̀ kò ní wàhálà kankan. Òótọ́ ni pé kò nílò iyẹ̀pẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe kó má gba omi, ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀, ìwọ̀n tí ionantha sì ń fẹ́ yàtọ̀ sí ti xerographica. Àwọn méjèèjì ló wọ́pọ̀ lórí àtẹ. Kí ẹ tó wo ẹwà, ẹ kọ́kọ́ wo yàrá tí ẹ fẹ́ gbé e sí.

Ìdílé kan náà ni wọ́n pẹ̀lú ọ̀pẹ òyìnbó. Nínú igbó, orí ẹ̀ka igi ni wọ́n ń gbé bíi ti àfòmọ́, àmọ́ wọn kì í fa oje igi tó gbà wọ́n sọ́dọ̀. Gbòǹgbò wọn kò ju kí wọ́n fi di igi mú lọ. Ewé ló ń mu omi. Ìpẹ́ tín-tìn-tín bò ó, ìpẹ́ yìí ló ń gba omi òjò àti ìrì wọlé, òun náà ló sì ń fún ewé ní àwọ̀ eérú. Ẹ lè fi èyí yẹ Tillandsia èyíkéyìí wò: èyí tí ìpẹ́ rẹ̀ pọ̀ lè fara da oòrùn àti ọ̀dá, èyí tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ á tètè máa béèrè omi.

Ionantha

Láti Mẹ́síkò dé Costa Rica ni ionantha ti ń hù. Ó kéré, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í ga ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ara kékeré yẹn kò lè tọ́jú omi púpọ̀. Ẹ rì í sínú omi fún ìṣẹ́jú 20 sí 30 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ sì fọ́n omi sí i láàárín ọ̀sẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tàbí nínú ilé ní Lọ́ńdọ̀nù tí híítà ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ẹ sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì.

Àwọ̀ rẹ̀ ló ń fa ojú oníbàárà. Tó bá fẹ́ tanná, ewé àárín á di pupa fòò, òdòdó aláwọ̀ àlùkò á sì yọ jáde. Níbẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti ṣọ́ra. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni Tillandsia rí: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyá ń tanná, lẹ́yìn náà á máa kú díẹ̀díẹ̀, àwọn ọmọ á sì máa dìde nídìí rẹ̀. Ẹni tó ra èyí tó ti pọ́n, ìyá tó ń lọ ló rà. Kò burú bí ọmọ bá ti ń yọ. Bí kò bá sí ọmọ, èmi á kúkú ra èyí tí kò tíì tanná. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó ìdajì ìyá kí ẹ tó yà á.

Xerographica

Lójú tèmi, èyí ni ọba wọn. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó ní àwọ̀ fàdákà, ó sì ká kọ́lọkọ̀lọ. Ó lè fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ. Igbó gbígbẹ ní gúúsù Mẹ́síkò, Guatemala, El Salvador àti Honduras ni ilé rẹ̀. Nítorí náà, ó ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ gan-an, oòrùn àárọ̀ kò sì ní ṣe é ní nǹkan. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ti tó o fún omi. Ó ń lọ́ra dàgbà, ọ̀pọ̀ ọdún ló ń gbà kó tó tanná, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi ga. Àmọ́ tó bá ti tanná, òdòdó náà lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ohun kan tún wà tó ká mi lára. Àwọn ènìyàn ti já a nínú igbó púpọ̀ jù, CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, sì ti fi orúkọ rẹ̀ sí Àfikún Kejì, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ òwò wọn, láti 1992. Ẹ lè rà á o. Àwọn olóko ní Guatemala ń gbìn ín fún títà sí ilẹ̀ òkèèrè. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ CITES gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e kọjá ẹnu ibodè, ẹ béèrè rẹ̀ láìtijú. Ẹni tó ń kó ewéko wọ Nàìjíríà tún gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ Nigeria Agricultural Quarantine Service, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ kí àrùn ewéko àti ẹranko má wọ ìlú.

Gbígbẹ

Omi tó dúró sáàárín ewé ló ń pa wọ́n jù. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rì í, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ dorí rẹ̀ kodò, kó lè gbẹ láàárín wákàtí 4. Xerographica ló gba ìṣọ́ra jù níbí, torí ìdí ewé rẹ̀ máa ń gba omi dúró. Àárọ̀ ni kí ẹ fún wọn lómi. Òru ni ihò ara ewé wọn ń ṣí láti gba afẹ́fẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ewé ṣì tutù, wọn ò ní lè mí dáadáa. Ní Èkó tí ọ̀rinrin pọ̀, yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí kò dára fún xerographica rárá.

Ẹni tó ń rà fún ìgbà àkọ́kọ́, ionantha mẹ́ta ni mo máa ní kó rà dípò xerographica kan. Ẹni tí fèrèsé rẹ̀ ń gba oòrùn àárọ̀, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ilé rẹ̀, tó sì máa ń gbàgbé omi, xerographica ló bá a mu.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ ìdí rẹ̀ wò, ó yẹ kó le. Bó bá rọ̀, tó dúdú, tàbí tí ewé àárín ń yọ bí ẹ ṣe rọra fà á, ó ti jẹrà nìyẹn. Ṣóńṣó ewé tó gbẹ kì í ṣe àìsàn. Ẹ má ra èyí tí wọ́n fi wáyà bàbà dì, torí májèlé ni bàbà jẹ́ fún wọn. Èyí tí wọ́n bá sì kùn ní ọ̀dà, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn: ọ̀dà náà ti dí ìpẹ́ tó yẹ kó fi mu omi.