Fídíò ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ yunifásítì ṣe: ta ni kó yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀mọ̀wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àbí akẹ́kọ̀ọ́?

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwa tá à ń ṣe ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà l'Abẹ́òkúta.

Ọ̀mọ̀wé ẹlẹgbẹ́ ẹni máa ń lo ìwé òṣùwọ̀n. Ohun 9 ni LORI, ìwé òṣùwọ̀n kan fún ohun èlò ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà, ń fún ní máàkì, láti 1 dé 5. Mẹ́ta ni MERLOT, ibi ìkójọ ohun èlò ẹ̀kọ́ lórí ayélujára tó bẹ̀rẹ̀ ní California ní 1997, ń wò: bí ẹ̀kọ́ inú iṣẹ́ náà ṣe péye tó, bó ṣe lè kọ́ni tó, àti bó ṣe rọrùn láti lò. Owó àyẹ̀wò ọ̀mọ̀wé kéré. Bí fídíò nípa ẹ̀gẹ́ bá ṣi orúkọ àrùn pè, ọ̀mọ̀wé ló máa rí i. Akẹ́kọ̀ọ́ á kàn há a sórí bẹ́ẹ̀ ni. Ewu ibẹ̀ ni ojúsàájú, nítorí ó ṣòro láti fún ọ̀gá ẹni ní 2.

Àyẹ̀wò ti akẹ́kọ̀ọ́ ń jẹ àkókò, ó ń jẹ dátà. Ẹ fún wọn ní ìdánwò kékeré kí wọ́n tó wò ó, kí ẹ tún fún wọn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn bi wọ́n bóyá ó dùn; ohun tó dùn-ún wò lè má wọni lórí rárá. Àwọn náà ni yóò sọ fún yín pé ohùn ò jáde lórí fóònù tí wọ́n fi ń wò ó l'Ọ́báńtokò.

Bí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ bá wà níbẹ̀, tàbí tí ẹ̀kọ́ náà le, ọ̀mọ̀wé ló yẹ. Bó bá jẹ́ pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní ló máa dá lò ó láìsí olùkọ́ nítòsí, ẹ gbé e fún akẹ́kọ̀ọ́.